Ọwọ́ Tó Nà Sẹ́yìn Lọ́nà Ìfọ̀n

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín, ọ̀nà Ìfọ̀n ṣì wà níbẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì ń ràn síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́, kí ẹ lọ wò ó fúnra yín. Èmi ò ní bá yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí l'Ọ̀wọ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kì í ṣe ẹni tó máa ń rí òkú kiri. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo máa ń fẹ́ rí ìdí rẹ̀. Ìyá mi ní ojú mi ti pọ̀ jù, pé ohun tí kò kàn mí ni mo máa ń yọjú wò. Òótọ́ ló sọ. Ojú yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

Ìdíje kẹ̀kẹ́ ni, láti Kàdúná wá dé Wàrì. Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹnì kan á gun kẹ̀kẹ́ dé ibì kan, ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ó máa yí i ká láàárín ara wa títí a ó fi dé. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ là ń gbà o, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀. Ọ̀já pupa pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ tí ọ̀já rẹ̀ bá sọnù, kí wọ́n máa lọ sílé nìyẹn.

Bí a ṣe ń gba ọ̀já rèé. Ẹni tó fẹ́ gbà á á ti máa yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú, á na ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Kò ní wẹ̀yìn, torí ẹni tó bá ń wẹ̀yìn lórí kẹ̀kẹ́ lè ṣubú. Ẹni tó ń bọ̀ á fi ọ̀já sí i lọ́wọ́, ó parí. Ẹ̀yìn ara wa nìkan la máa ń rí.

Ẹgbẹ́ tiwa tún ní àṣà kan tí àwọn yòókù ò ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀já bá kàn ẹ́, wàá fi eyín ta kókó kan sí i bí o ṣe ń lọ. Ènìyàn mẹ́rin, kókó mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ti pé kí á tó dé Ọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n Wálé ló kọ́ wa, kò sì sọ ibi tó ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n Wálé ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu débi pé dókítà ní èyí ni kó fi ṣe ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kò tíì parí ìdíje kankan rí. Ohun kan á ṣáà da ẹgbẹ́ rẹ̀ rú. Òun la fi sí ìparí, kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀já wọ Wàrì. Kò sẹ́ni tó ń rò pé a máa gbégbá orókè nínú wa. Tí ẹ bá rí ẹsẹ̀ mi, ẹ ó mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ. A kàn fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n parí nǹkan kan ni.

Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n ló kàn mí, torí pé ọmọ àdúgbò ni mí, àti pé Ẹ̀gbọ́n Wálé ti ní òun ò ní gun ọ̀nà yẹn láéláé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Rọ́ńkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ẹnì kẹta wa, ló fi ọ̀já lé mi lọ́wọ́ l'Ọ̀wọ̀. Kúnlé, ẹnì kẹrin wa, ló máa gbà á lọ́wọ́ mi n'Ìfọ̀n. Òun àti Ẹ̀gbọ́n ti bá ọkọ̀ wa lọ síwájú. Àwọn ọdẹ méjì tẹ̀ lé mi lórí ọ̀kadà, torí ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn, èèyàn alààyè là ń bẹ̀rù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ṣubú lẹ́yìn wa, àwọn ọdẹ sì dúró tì í. Bó ṣe di pé mo dá wà nìyẹn.

Ọ̀sán gangan ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òru nìkan ni nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀dà ń tàn yanran níwájú mi, atẹ́gùn ń lù mí láyà, ẹyẹ kan ò ké nínú igbó.

Mo wá rí oníkẹ̀kẹ́ kan níwájú.

Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, bíi tiwa, àfi pé ó ti ṣá. Kò dé akoto. Mo ní Kúnlé ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí Kúnlé kì í ní sùúrù, ó máa ń wá pàdé èèyàn lọ́nà. Mo sáré sá sẹ́yìn rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè bá mi dí atẹ́gùn, bí àwa oníkẹ̀kẹ́ ṣe máa ń ṣe.

Ẹ gbà mí gbọ́, ó tutù níbẹ̀. Ó tutù bí ìgbà téèyàn ṣí fíríìjì dúró tì í. Ó sì tù mí lára, mi ò ní parọ́.

Ó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Mo fi ọ̀já sí i. Àwọn ìka rẹ̀ rọra pa dé. Ó tẹ orí ba, mo rí i tó ń fi eyín ta kókó, ó sì gun òkè kékeré tó wà níwájú lọ.

Inú mi dùn. Mo dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, mo mu omi. Omi yẹn ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo rántí: Kúnlé ti ta kókó tirẹ̀ láti ọjọ́ tá a ti kúrò ní Kàdúná. Kí ló tún ń ta?

Mo fi gbogbo agbára lé e. Mo gun òkè yẹn dé orí, ọ̀nà tó wà níwájú sì ṣófo.

(Àwọn kan ti bi mí bóyá ó ní òjìji. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní òjìji gidi lọ́sàn-án gangan? Mo yẹ tèmi náà wò, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ.)

Nígbà tí mo dé Ìfọ̀n, Kúnlé jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

"Ọ̀já dà?" ló wí.

"Ṣebí mo ti fún ẹ."

"Fún èmi? Èmi tí mo wà níbí láti àárọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n Wálé jáde nínú ọkọ̀. "Ta lo fún?" Ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Kúnlé ni mo rò pé ó jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀wù wa ló wọ̀."

Kò bú mi. Ó wo ojú ọ̀nà tí mo gbà wá, ó wò ó pẹ́, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ì bá sàn kó bú mi. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ẹgbẹ́ mìíràn ń kọjá, wọ́n ń gba ọ̀já wọn, wọ́n ń lọ. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibùdó náà ní òun ò ní pẹ́ ká àsíá òun, tó bá sì ti ká a, kò sí ẹgbẹ́ tó tún lè gba ọ̀já níbẹ̀.

Ìyá tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní èdè àdúgbò wa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí gbogbo wa gbọ́ sọ ọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ṣòkòtò kaki péńpé ló wọ̀?"

Mo ronú. Kaki ni. Péńpé sì ni.

"Tíṣà ni, ará Òkèlúsè. Ìdíje bí irú èyí náà ni. Ó ń dúró de ẹnìkejì rẹ̀, ẹnìkejì ò dé. Ó bá padà lọ wá a lọ́nà. Tírélà onígẹdú..." Kò parí rẹ̀. "Ọkọ mi olóògbé yá a ní páǹpù nígbà kan, kò mọ̀ pé òkú ni. Ó gbà á padà. Ibi tó ti yá a ló padà sí, ó kọjú síhìn-ín, ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Ìwọ náà lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má wẹ̀yìn o."

"Tí mo bá wẹ̀yìn ńkọ́?"

"Wọn ò bí ẹ dáadáa ni? Mo ní má wẹ̀yìn!"

Mo wo Ẹ̀gbọ́n Wálé nílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo padà.

Níbi tí mo ti fún un ní ọ̀já, mo yí orí kẹ̀kẹ́ sí Ìfọ̀n. Mo ń yí ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, mo na ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Kò sí nǹkan kan. Mo ní wèrè ni mí, mò ń na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yìn mi wá tutù.

Mo gbọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́, irú èyí tí wọn ò ti fi epo sí tipẹ́, kẹ-kẹ-kẹ, ó ń sún mọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ẹ̀rù kọ́ ló pọ̀ jù. Ojú ló ń yún mi! Mo fẹ́ mọ bí iwájú rẹ̀ ṣe rí. Ṣé ọ̀dọ́ ni àbí àgbà? Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín ni? Wíwò kan péré, ta ló máa mọ̀? Ọrùn mi ti ń yí lọ fúnra rẹ̀ kí n tó rántí orúnkún Ẹ̀gbọ́n Wálé. Mo tẹjú mọ́ táyà iwájú, mo di eyín pọ̀.

Ọ̀já kan àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dì í mú. Òun náà ò tíì fi í sílẹ̀.

"O mà pẹ́ o," ẹnì kan wí létí mi.

Ó fi í sílẹ̀. Oòrùn tún bà lé ẹ̀yìn mi.

N'Ìfọ̀n, wọn ò tíì ká àsíá. Kúnlé gba ọ̀já, ó wò ó. "Kókó márùn-ún? Ta ló ta èyí?" Ẹ̀gbọ́n Wálé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ kókó karùn-ún yẹn wò, ó sì dá a padà fún un. "Máa lọ," ló wí. Kò wo ojú mi.

A dé Wàrì. Ẹgbẹ́ díẹ̀ ló wà lẹ́yìn wa, àmọ́ a dé. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀já wọlé lórí orúnkún tó ti wú, àwọn èèyàn rò pé ìrora ló ń pa á lẹ́kún.

Lẹ́yìn tá a padà sílé ni mo tó sọ ohun tí mo gbọ́ létí fún un. Mo ní ẹni náà ní mo pẹ́, àmọ́ kò yé mi, torí èmi ò pẹ́ rárá.

Ó mú ọ̀já náà jáde nínú àpò.

"Kì í ṣe ìwọ ló ń bá wí," ló sọ. "Èmi ló ń dúró dè. Táyà mi ló bẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣé o sọ fún un pé táyà mi ló bẹ́?"

Mi ò sọ fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Ọ̀já yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Wálé. Mo ti gbìyànjú láti fi èékánná àti abẹ́rẹ́ tú kókó karùn-ún, kò tú. Ó sì ti sọ fún wa báyìí pé tí ìdíje bá tún dé, kí a fún òun ní Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n. Dókítà ń pariwo. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n dá a dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó bá na ọwọ́ sí yín kí ẹ tó fún un ní nǹkan. Bí ẹ bá sì ti fún un ná, ẹ fi orí yín sí iwájú, kí ẹ má wẹ̀yìn. Kí ẹ sì bá mi sọ fún un pé táyà ló bẹ́.