Òróró Lára Àgọ́ Wa

Kí ọmọbìnrin mi tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohun kan ṣoṣo ló ní kí n ṣe fún òun: kí àwa méjèèjì lọ pàgọ́ sí etí adágún kan, nínú igbó tí béárì ń gbé. Èmi tí ẹ̀fọn lásán ń lé wọlé! Ṣùgbọ́n ọmọ ń lọ, ilé fẹ́ dá páro. Mo ní ó ti yá.

"Kí lẹ fẹ́ lọ bá béárì sọ?" ìyá mi bi wá. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá kí wa ní Forney, ìlú tí à ń gbé lókè òkun.

Obìnrin tó ń bójú tó ibùdó náà ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé béárì ń gbóòórùn láti ọ̀nà jíjìn. Ohunkóhun tó bá ń ta sánsán, ìbáà ṣe ìpara, kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, a ta àgọ́ wa sẹ́yìnkùlé láti dán an wò, a wá lọ ra epo sínú mọ́tò.

Nígbà tí a padà dé, òórùn dídùn ti gba gbogbo àdúgbò. Ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da odidi ìgò òróró àdúrà tán sára àgọ́: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, okùn, síìpù, títí kan àpò tí a máa sùn sí.

"Béárì kankan ò ní lè sún mọ́ yín," wọ́n ní. "Mo ti dí gbogbo ọ̀nà."

A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ọṣẹ náà tún ń ta sánsán bí òdòdó. Mo pe obìnrin ibùdó, mo ní òórùn ti wọ àgọ́ wa.

"Ṣé ẹ dáná nínú rẹ̀ ni?"

"Rárá mà. Wọ́n gbàdúrà sí i ni."

Ó ní ká má gbé e wá o, àwọn ní àgọ́ tí àwọn máa ń yá àlejò.

"Ìyẹn náà á gba òróró," ni ìyá mi wí.

"Mama, ó tó!" Inú ti bí mi kọjá ààlà. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

Ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Grandma, ẹ fi sí mi lórí. I'll shower ká tó lọ."

Wọ́n ro èyí tó kù sọ́wọ́, wọ́n gbé ọwọ́ náà lé e lórí. Mo ń retí béárì nínú àdúrà náà, wọn ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Wọ́n ní kí ẹni tó máa bá ọmọ mi gbé yàrá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ ọmọ gidi. Wọ́n ní kó má ṣàìsàn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ̀. Wọ́n ní kó máa rántí ọ̀nà ilé.

Mo ṣe àmín, èmi náà kúnlẹ̀ ti ọmọ mi.