Ó Ti Jinná

Abala kan ṣoṣo ni kíjìpá tó wà nínú àpótí ìyàwó mi. Abala méjì ni à ń rán pọ̀ kí ó tó di ìró, nítorí náà kò ṣeé ró. Ìyá Fọláṣadé ló hun ún, ó sì kú kó tó hun èkejì.

Bernice Ọládùnní ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Ìlú Ọ̀rà ni wọ́n bí i sí, ó ka ìwé mẹ́rin, ó sì fẹ́ Bọ́lárìnwá, àgbẹ̀ kòkó, níhìn-ín ní Ìlá. Ògiri kan ló pín ilé wọn àti ilé wa níyà. Òfì rẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ ìró igi tó fi ń gbá òwú mọ́ra láàárọ̀ kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ nítorí kì í fi àṣìṣe sílẹ̀. Bí òwú kan bá fò, yóò tú u títí dé ibi tó ti fò, yóò sì tún un hun.

Ní ọdún 1955, kókó kan yọ nínú ọmú rẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n fi ewé dì í, wọ́n gbàdúrà sí i, kò rọ̀. Bọ́lárìnwá fi oko kòkó rẹ̀ dógò, ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan, ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko nínú lọ́rì. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú náà.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Bọ́lárìnwá dúró láàárín agboolé, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ó ti san."

Ìyàwó rẹ̀ ti jókòó. Ó ní, "Ó ní ó ti jinná ni. Ó ní kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí dókítà tún yẹ̀ mí wò."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

Mo dá sí i. "Ìyàtọ̀ wà, Bàbá Fọláṣadé. Ọgbẹ́ ló ń jinná, àìsàn ló ń san. Nọ́ọ̀sì kò tíì sọ nǹkan kan nípa àìsàn."

"Tíṣà, wọ́n ti lu agogo, ilé ìwé ti palẹ̀ mọ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí kí ìyàwó náà bí a ṣe ń kí ẹni tó ti ilé ìwòsàn bọ̀: "Ẹ kú ewu. Ẹ ò ní padà síbẹ̀ mọ́." Ó ń ṣe àmín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà ìkórè, wọ́n dúpẹ́ nínú ìjọ wọn. Owó tó ṣẹ́kù nínú èyí tí wọ́n yá, èyí tó yẹ kó gbé wọn padà lọ, wọ́n fi ra òbúkọ àti ìrẹsì. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "O kò ní padà síbẹ̀ mọ́." Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Oṣù mẹ́ta pé, ó sì kọjá. Ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wú láti èjìká títí dé ọmọ ìka. Kò ṣeé gbé sókè mọ́, òfì sì dákẹ́. Ó gbé abala kan tó ti hun tẹ́lẹ̀ nínú kíjìpá tí ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́ hun wá fún wa.

"Ẹ má bínú, Tíṣà, ọwọ́ òsì ni."

"Kò burú. Abala kejì ńkọ́?"

"Ọwọ́ ò gbé e mọ́." Bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta òwú lọ́jà ló ṣe fi kún un pé, "Kókó kan tún ti wà lábẹ́ abíyá."

Mo lọ bá ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko olóko dé, níbi tó ti ń ṣe àgbàṣe.

"Bàbá Fọláṣadé, ẹ gbé e padà lọ."

"Kí ni màá fi gbé e? Oko mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yá mi lówó. Òfì ò ṣiṣẹ́."

"Màá san owó ọkọ̀."

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Bí wọ́n bá ní àwọn máa tún un gé ńkọ́, ta ni yóò san ìyẹn? Àwọn tó ṣe àmín wá ńkọ́? Ṣé kí n máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí n máa gba àmín padà lẹ́nu wọn?"

Ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì ṣa ilá lẹ́bàá ògiri. Kò gbójú sókè.

"Ẹ fi sílẹ̀, Tíṣà. Èmi náà ṣe àmín."

Mo lọ bá pásítọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ní òun kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúpẹ́ tó wá yíjú padà, kí ni àwọn aláìgbàgbọ́ yóò wí? Ó gbàdúrà fún mi.

Ìkórè mìíràn dé. Àwọn ará Ìlá tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn wá sílé, ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pe èmi náà wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, mo sì jókòó níwájú. Pásítọ̀ ní kí Bernice dìde jẹ́rìí ohun tí Olúwa ṣe fún un ní èṣí. Ó ti rù púpọ̀. Ó dìde.

"Ọgbẹ́ mi ti jinná," ló wí.

Ìjọ ké halelúyà. Pásítọ̀ ní, "Ó ti san pátápátá."

"Ó ti jinná, sà."

Kò gbé ohùn sókè. Ọ̀rọ̀ tó lò tọ́, kò sí ohun tí mo lè tún ṣe níbẹ̀. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé itan. Nígbà tí àwo ìrẹsì kárí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó nawọ́ gbà á.

"Ẹ má bínú," ó wí fún ẹni tó gbé e fún un, "ọwọ́ òsì ni."