Ìdajì Hóró Nínú Tíì

Bí Ìyá Alágogo bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí olùkọ́ tó tún ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń lu agogo ilé-ìwé, kò fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ oògùn rẹ̀: hóró méjì lálaalẹ́, látìgbà tí àìsàn ọpọlọ ti bá a wọ̀yá ìjà. Nígbà yẹn, bí agogo bá dún, orúkọ rẹ̀ ló ń gbọ́, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìfojú kan oorun.

Wàhálà dé lọ́sẹ̀ tí ọ̀fìnkìn burúkú kan wọ ilé-ìwé. Ibà gbé Ìyá Alágogo dè, ṣùgbọ́n ó lóun ò ní jókòó sílé. Lọ́jọ́ kẹta, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ló lu agogo ìparí ẹ̀kọ́! Kí ọ̀gá ilé-ìwé tó dìde lórí àga, gbogbo ọgbà ti dá páropáro. Olùkọ́ ìṣirò pàápàá ti gbé báàgì. Ìyá Alágogo fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sùn, itọ́ ń ṣe wọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Àìsàn ọjọ́sí ló padà dé yẹn," ọ̀gá wí. "Bí kò bá mú ìwé dókítà wá lọ́jọ́ Ajé, kó má fọwọ́ kan agogo mi mọ́."

Iṣẹ́ bàtà títún ṣe ni ọkọ Ìyá Alágogo ń ṣe. Lójú tirẹ̀, ohunkóhun tó bá ń mì, ìṣó ló ń fẹ́ sí i.

"Ìyá ọmọ, ká fi ìdajì kún oògùn yẹn."

"Bàbá ọmọ, bí orí mi bá ń dàrú, ṣé mo máa ń sùn?"

"Rárá o."

"Kí wá ni mò ń ṣe báyìí? Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ mú mi lọ." Kí ọkọ tó dáhùn, oorun ti gbé ìyàwó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò wọ ọkùnrin yìí létí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó jáde lọ sí ilé ìwòsàn, ó lọ ìdajì hóró oògùn náà kúnná, ó dà á sínú tíì ìyàwó rẹ̀, ó wá wọlé lọ mú fìlà. Kọ́ọ̀pù tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ jọra. Obìnrin náà, tó ń tòògbé, nawọ́ mú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọkọ padà dé, ó gbé ìyókù mì kàló.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bá ọkùnrin kan tó na gbalaja lórí bẹ́ǹṣì, tó ń hanrun.

"Ta ni aláìsàn nínú yín?"

"Èmi ni," Ìyá Alágogo wí. "Mi ò mọ ohun tó ṣe bàbá ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n jí ọkọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ ohun tó dà sínú tíì. Bírò bọ́ lọ́wọ́ dókítà.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó wò. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ jàre," dókítà wí. "Ọ̀fìnkìn yìí àti ibà rẹ̀ ló mú kí ẹ̀dọ̀ yín, tó ń fọ oògùn kúrò lára, dẹwọ́ iṣẹ́. Oògùn àná ò tíì kúrò lára tí tòní fi ń bá a níbẹ̀. Méjì tí ẹ̀ ń lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́rin nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ máa lo ẹyọ kan ná, títí a ó fi tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò. Ẹ má dá a dín kù fúnra yín o, ẹ má sì fi kún un. Ìgbàkígbà tí ibà bá dé, ọ̀dọ̀ wa ni kẹ́ ẹ sáré wá." Ó wá kọjú sí ọkọ. "Ká ní ìyàwó yín ló mu tíì yẹn ni, ẹkún là bá máa sun níbí."

Wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Ìyàwó jókòó tì í, ìwé dókítà wà nínú báàgì rẹ̀, fìlà ọkọ wà lórí orúnkún rẹ̀. Ojú ń ti ọkùnrin náà gidigidi.

"Ìyá ọmọ, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Ilé ń yí. Ṣé bó ṣe ń ṣe ọ́ nìyí?"

"Ìdajì lẹ mu," ìyàwó rẹ̀ wí. "Odidi méjì ni tèmi láti ọjọ́ yìí wá, mo sì ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú ọ̀gá."