Ẹ Sé Èémí Yín

Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń retí Fulera nínú yàrá tí wọ́n tẹ́ òkú ìyá rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń rìn síwá-sẹ́yìn. Òun ni àkọ́bí obìnrin. Nílé wọn l'Árándùn, ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bomi ìwẹ̀ ìkẹyìn lé ìyá lára. Bí wọ́n bá pe ìrun Àsárì tí kò tíì wọlé, ẹlòmíì ni yóò wẹ Jàrátù ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò ní lè dárí ji ara òun láéláé. Síbẹ̀, ẹ̀rù òkú kò jẹ́ kó wọlé.

Fíìmù ló dá ẹ̀rù náà sílẹ̀, ta ló sì kó fíìmù wálé bí kò ṣe Jàrátù fúnra rẹ̀? Opó tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní Ṣàrẹ́, tó fi ra tẹlifíṣọ̀n àti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà! Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè wọn, àmọ́ òun náà ló ń túmọ̀ fún àwọn òǹwòran. Nínú fíìmù wọ̀nyẹn, òkú a na ọwọ́ síwájú gbọnrangandan, a máa tọ pọ́ún-pọ́ún bọ̀; àlùfáà oníkọ̀ǹfú a ta kìtì, a fẹsẹ̀ gbá a láyà, a lẹ ìwé oògùn mọ́ ọn níwájú orí. Èémí alààyè ni òkú ọ̀hún fi ń mọ ibi tí èèyàn wà.

"Ẹ sé èémí yín o!" ni Jàrátù á pariwo. Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìgbà náà ni yóò yọ́ wá sẹ́yìn Fulera, tí á fẹ́ atẹ́gùn fùú sí i lọ́rùn. Ọmọ á figbe ta, ìyá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Irú eré wo nìyẹn! Fulera dàgbà, ó bímọ, kò lè wo òkú.

"Fulera, wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí o!" Ìyá Àdínnì tó ń darí ìwẹ̀ náà ló ké sí i.

Ó sé èémí, ó wọlé. Ó fi igbá bu omi. Ìyá Àdínnì gbé òkú náà sókè díẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ níkùn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Atẹ́gùn jáde lẹ́nu Jàrátù: hàà.

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Fulera. Òòyì ń kọ́ ọ, èémí tó sé kò sì jáde.

"Atẹ́gùn inú lásán ni, ọmọ mi. Mí," ni Ìyá Àdínnì wí.

Fulera wo ọrùn ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn fùú sí i, ó dúró. Ó tún fẹ́ ẹ, ó ń fi gbogbo ọkàn bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde.

Jàrátù kò mira. Fulera mú igbá nílẹ̀, ó bu omi.