Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Tí Kò Mọ Ìdajì

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni gbogbo wa ń pè é nílé iṣẹ́ rédíò, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú. Ọkùnrin yìí lè fi ẹnu ta agboòrùn fún ẹni tó jókòó sábẹ́ òrùlé. Àmọ́ ẹ ní kó pín nǹkan sí méjì, àjà lá máa wò. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ fún un. Ẹ̀yìn gíláàsì ni mo ti ń wò ó, mi ò sì tíì rí ẹni tí àìmọ̀ wù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gbọ́ pé ẹni tó bá gboyè nínú ìmọ̀ òwò á tètè di ọ̀gá. Ló bá kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ránṣẹ́ sí i. Ó ti nu tábìlì ìjẹun, ó gbé bébà àti bírò kalẹ̀.

"Èsì ìṣirò rẹ ò dáa. Wọ́n máa bi ọ́. Jókòó, ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìdajì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ akọ̀wé lẹ fẹ́ kọ́ mi yẹn. Ọ̀gá kì í ṣírò, ó ń rán èèyàn ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bébà kúrò, ó gbé oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lọ sílé, ó dúró síwájú dígí, ó ń kọ́ ẹ̀rín músẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún wa, ó rò pé a máa gbè é lẹ́yìn. Obìnrin kan ló gbà á lálejò. Ó ní, "Ìwé yín fi hàn pé ìṣirò ò rọrùn fún yín. Kí lẹ ti ṣe sí i?"

Ìbéèrè àánú nìyẹn. Wọ́n bi akọ̀ròyìn wa kan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó dáhùn pé lóòótọ́ ni, òun ti ń gbẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n sì gbà á wọlé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tiwa ní, "Mà, ìṣirò wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Àwọn olùkọ́ ni ò mọ̀ mí."

"Ó dáa. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ń gbọ́ ètò yín. Ìdajì wọn fi yín sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó kù fi ìdajì iye tiwọn pọ̀ sí i. Èèyàn mélòó ló ń gbọ́ yín báyìí?"

"Ọgọ́rùn-ún náà ni, mà. Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má padà wá."

Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á sọ fún un pé àádọ́ta ló kù, pé ìdajì rẹ̀ ni márùndínlọ́gbọ̀n, pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ márùndínlọ́gọ́rin. Obìnrin náà na bírò sí i pé kó fara balẹ̀ ṣe é. Ńṣe ló ń fi bírò ọ̀hún juwọ́, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ àwọn olùgbọ́, títí obìnrin náà fi dìde ṣílẹ̀kùn fún un.

Wọn ò gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún pè é pé kó wá, ọdún míì ń bọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ náà ò mọ èèyàn gidi. Ó lọ bẹ ọ̀gá wa fún ètò tuntun, wọ́n sì fún un. Láràárọ̀ Sátidé, ó ń gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin aránṣọ kan pè láti béèrè bóun ṣe máa mọ èrè tóun ń jẹ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kó kọ́kọ́ gba ara rẹ̀ gbọ́.

Aránṣọ náà ní, "Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá."