Kọ́kọ́rọ́ Inú Agbọ̀n Ìyá Arúgbó

O ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀, torí ìyàwó mi tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀ gan-an ṣì máa ń sọ pé mo fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn tíì atalẹ̀, olè jíjà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, olè tí èmi àti ìyá ìyàwó mi jọ jà lórí tábìlì ìjẹun wa ní Austell, nílùú òyìnbó níbí. Fara balẹ̀, má tíì pe ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn tí bàbá ìyàwó mi jáde láyé la mú Màmá wá sọ́dọ̀ wa láti Iléṣà, kó má baà máa dá gbé nínú ilé ńlá. Àṣé inú ilé ńlá kan la ti yọ ọ́ tá a fi í sínú òmíràn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, shift rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan ní Douglasville, ọ̀sán ti máa ń yẹ̀ kí n tó délé. Àdúgbò wa mọ́ tónítóní, koríko rẹ̀ gún régé, kò sì sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá tí èèyàn lè kí. Lọ́jọ́ kan Màmá ní, "Ọkọ̀ ojú irin nìkan ló ń kí mi láàárọ̀ nílùú yín, òun náà kì í dúró gbọ́ èsì." A rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló di ẹrù rẹ̀, ó gbé àpótí pupa rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní ká bá òun wá tíkẹ́ẹ̀tì, ilé ń pe òun. Ìyàwó mi sunkún títí. "Ta ló fẹ́ máa tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀? Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe," ló ń sọ fún mi, àfi bí ẹni pé àna ni ẹni tí èèyàn ń pàṣẹ fún.

N ò rí nǹkan kan ṣe. Mo jókòó ti laptop mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ń gbá géèmù. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn o. Àwòrán ilé kan ni wọ́n máa gbé síwájú ẹ, ọkùnrin kékeré kan á wà nínú rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Ibi tó o bá tẹ̀ ló ń lọ, ohun tó o bá tẹ̀ ló ń mú. Á mú okùn, á mú ṣíbí, á mú ìgò òfìfo, ìwọ lo máa ro ohun tí wọ́n wà fún. Bí ìrònú ẹ bá bọ́ sí i, inú ẹ á dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí kò bá bọ́ sí i, wàá fi ṣíbí kan gbogbo ògiri, wàá fẹ́ fi okùn so ológbò mọ́ fèrèsé, ọkùnrin náà á kàn máa wí fún ẹ pé, "Ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́," bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n há mọ́lé.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ń wá nínú ilé onílé?" Màmá ti dé ẹ̀yìn mi pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì atalẹ̀ rẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó fa àga. "Tẹ ìkòkò yẹn ká wò ó."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lójoojúmọ́, á ti se tíì, á ti nu tábìlì. Òun ló ní ká da omi gbígbóná sórí ìgò tí ìdérí rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣí, ìgò náà sì ṣí lóòótọ́. Ó fò sókè, tíì dà sórí laptop mi. N ò bínú. Ta ní í bínú sí àna?

Ìgbà tá a dé yàrá ìkẹyìn ni wàhálà dé. Ìyá arúgbó kan ń sùn lórí àga, agbọ̀n wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ń dán nínú agbọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá irú géèmù yìí rí mọ ohun tó kàn. Mo na máòsì, Màmá gbá mi lọ́wọ́.

"Olè! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ẹ?"

"Màmá, géèmù ni, mà."

"Ẹni tó ń gbá géèmù ò ní ìyá ni?"

Ìwọ náà sọ fún mi, ọkọ ọmọ wo ló máa ní kí àna òun jalè? A bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé náà ká. A tẹ àga, a tẹ kọ́tìnì, a tẹ ajá. Màmá ní ká kí ìyá náà, ká fún un ní búrẹ́dì. Ó kàn ń hanrun ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n ò kánjú. Mo ti rí i pé ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ kì í rántí tíkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó mi wà nílé, ó ń dín dòdò. Màmá tẹjú mọ́ agbọ̀n yẹn títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àfi bí ẹni pé pásítọ̀ rẹ̀ wà ní pálọ̀ wa.

"Ọkọ mi, mú un."

"Mà?"

"Mú un kíá kó tó jí. A máa dá a padà."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. "Màmá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nà mí nítorí ẹran kan ṣoṣo nínú ìkòkò!"

"Òun lo fi dáa báyìí."

Mo mú kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin náà bọ́ sínú ọgbà òdòdó, orin dún. Màmá pàtẹ́wọ́. "Ó yá, dá a padà fún un." Ṣùgbọ́n géèmù ti tán, orúkọ àwọn tó ṣe é ló ń gòkè lójú ẹ̀rọ.

"Ó ti parí nìyẹn?"

"Ó ti parí, mà."

Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wo àpótí pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì gòkè lọ. Ìyàwó mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ wa bàálù tó máa gbé Màmá padà sílé. Èmi náà ń bá ara mi wí: ohun kan ṣoṣo tó dá obìnrin yìí dúró, o yára parí ẹ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àsìkò ṣọ́ọ̀ṣì tó, mi ò rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi. Mo gbọn àpò ṣòkòtò, mo gbé tìmùtìmù àga. Màmá ti múra tán, ó jókòó, ó ń mu tíì.

"Màmá, ẹ ò bá mi rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mà?"

"Mo rí i. Mo jí i." Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. "Ìwọ lo kúkú kọ́ mi. Wá a."

Mo ṣí ìkòkò. "Ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́," ni Màmá wí. Mo wo inú bàtà. "Ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́." Ìyàwó mi di àtẹ̀gùn mú, ẹ̀rín fẹ́ gbé e ṣubú. Nígbẹ̀yìn, àpótí pupa yẹn nìkan ló kù, ta sì ni mí tí màá tú ẹrù àna mi? Mo wò ó. Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà. Mo kúnlẹ̀, mo fa síìpù.

Kò sí ìró níbẹ̀, kò sí bùbá, kò sí bàtà. Kọ́kọ́rọ́ mi nìkan ló wà nísàlẹ̀ àpótí.

A pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bá a ṣe ń jáde, Màmá ní kí n gbé àpótí náà lọ sí gáráàjì, ó ti ń dí òun lọ́nà.