Ilé Aṣọ Tí Kò Ní Oògùn Nínú

Lọ́dún tí mo wọlé ọkọ ní Adja-Ouèrè, òsúkè ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Kì í ṣe òsúkè tí ènìyàn ń mu omi sí tó sì ń lọ. Tèmi mọ ẹni tó ń bá jà. Bí ọkọ mi bá pè mí, mo máa ń dáhùn dáadáa. Bí oníbàárà bá wá sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, a lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọkọ mi bá ti lè ké pé, "Ìyàwó!" báyìí, ọ̀fun mi á já ọ̀rọ̀ sí méjì.

"Mo ń—híkì!—bọ̀, Ìyá!"

Ìyá kọ́kọ́ rò pé oyún ni, inú rẹ̀ sì dùn. Nígbà tó yá tí ikùn mi ò ga, ó gbà pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ fún ọkọ mi pé, "Ìyàwó rẹ ń sín mi jẹ." Wọ́n ní kí n di imú mu omi, mo mu ún. Wọ́n já ewé lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Ọkọ mi alára fara pamọ́ sẹ́yìn òkìtì ẹyìn, ó fò jáde láti dẹ́rù bà mí, ni mo bá da ìkòkò epo nù. Òsúkè ò lọ, epo ló lọ. Ìjà tí Ìyá bá wa jà lórí epo yẹn, òsúkè ni mo fi dáhùn gbogbo rẹ̀.

Bí nǹkan ti rí nìyẹn nígbà tí àbúrò ọkọ mi ti Kútọnu dé. Iṣẹ́ àwòrán ló ń ṣe níbẹ̀. Òun ló ń kun pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé lórúkọ, nítorí náà Ọkọ-mi-kékeré ni mò ń pè é. Ọjọ́ àyájọ́ òmìnira ti ń sún mọ́lé, gbogbo àdúgbò sì ń palẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ó wá bá mi nídìí iṣẹ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, àwọn yòókù á jó, àwọn ọmọ ilé ìwé á yan. Èmi fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà tí ènìyàn máa wọ inú rẹ̀."

"Ṣé ilé ni?"

"Kì í ṣe ilé."

"Àtíbàbà ni?"

"Kì í ṣe àtíbàbà."

"Kí ni mo fẹ́ rán nígbà náà?"

"Ẹ ṣáà rán an," ló sọ.

Mo rán an. Àpò àgbàdo tó ti gbó, aṣọ funfun, ìró aláró tí àwọn ìyá ilé ò lò mọ́, mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ri ọparun mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé ìwé, ó sì fi aṣọ náà ṣe ọ̀nà tóóró kan tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Láàárín gbùngbùn, ó gbé àpótí ìjókòó kan sí i. Ó wá ń fi òwú so àfọ́kù dígí rọ̀ yí àpótí náà ká, pẹ̀lú ìdérí agolo. Okùn kan wà níbẹ̀. Bí o bá fà á, àwọn agolo á máa dún wọ́nwọ́n, àwọn dígí á máa yí, ìmọ́lẹ̀ á sì máa sá kiri lára aṣọ. Nínú dígí kan, ojú rẹ nìkan lo máa rí; nínú òmíràn, etí; nínú òmíràn, ẹnu. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: ẹnì kan ni yóò máa wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ni mo rán gbogbo ẹ̀, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Aṣọ ni, dígí ni, agolo ni. Ìjàlọ náà wà níbẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ọ̀gá kan wá láti Pobè, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé títí oòrùn fi wọ̀ wá lágbárí, a sì pàtẹ́wọ́ nígbà tó jókòó, nítorí pé ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé aṣọ. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jáde. Ìgbà tó kan Ìyá, òun náà wọlé. Orúnkún ti ń dà á láàmú tipẹ́; ó máa ń fi ọ̀pá rìn bí adìẹ tó tẹ iná. Ó wọlé, kò jáde. A dúró, a dúró. Ọkọ mi ní àfi bí ó bá ti ṣìnà.

Ó jáde nígbà tó wù ú, ó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo sáré lọ bá a. "Ìyá, ọ̀pá—híkì!—yín dà?"

"Ọ̀pá wo?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé orúnkún ẹlòmíràn ni. Ló bá pariwo: "Kò dùn mí mọ́! Ẹ gbà mí o, kò dùn mí mọ́!"

Kí ọjà tó tún ná, ìròyìn ti dé Ikpinlè àti Massè. Àwọn ènìyàn tò síwájú ilé aṣọ láti àárọ̀. Ẹlẹ́yìn ríro wá, elétí híhó wá, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń yan lódì náà wá. Ẹ̀rù ba Ọkọ-mi-kékeré. Ó gun orí àga, ó ń kígbe: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí oògùn nínú ilé yìí! Aṣọ ni! Ìyàwó wa ló rán an!"

Bàbá arúgbó kan tó wà níwájú ìlà mi orí. "A gbọ́. Ẹni tó ní in kì í sọ pé òun ní in."

Ọkọ-mi-kékeré búra. Wọ́n ní ìbúra rẹ̀ náà lágbára. Aláàjì kan bi í bóyá ó yẹ kí àwọn bọ́ bàtà. Ó ní kò pọn dandan. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń bọ́ bàtà.

Olùtọ́jú aláìsàn ilé ìwòsàn kékeré wa, tí gbogbo wa ń pè ní dókítà, ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ó gun alùpùpù mọbilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé pẹ̀lú ìbínú. Ó ní àwọn ènìyàn ò wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Ó kọjú sí èrò: "Kò sí oògùn níbẹ̀!"

"Ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyẹn!" Ọkọ-mi-kékeré ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjèèjì wá jọ ń kígbe pé kò sí oògùn. Èrò wo ara wọn. Obìnrin kan ní, "Àwọn méjèèjì ti jọ mulẹ̀."

Dókítà ní òun máa wọlé kí wọ́n lè rí i pé nǹkan kan ò ní ṣe òun. Ó bọ́ bàtà kó tó rántí pé òun ò fẹ́ bọ́ ọ. Ó wọlé. Agolo dún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan dákẹ́, a sì wá gbọ́ ìró kan tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ayùn nínú igi. Ó ń hanrun ni.

Nígbà tó jáde, ó nu ojú. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó tún wá, ó ní òun wá yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn yíyẹ̀ wò yẹn ló jókòó tì wá lábẹ́ máńgòrò, tó rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe bá dé ọ̀dọ̀ mi, tí kò sì gbà pé nǹkan kan ò ṣe òun, omi ṣúgà aláwọ̀ pupa ni mo máa ń fún un. Ara wọn sì máa ń yá."

Ọkọ-mi-kékeré bi í, "Bí kò bá pupa ńkọ́?"

"Kì í ṣiṣẹ́."

Ìyá ló ní kí èmi náà wọ ilé aṣọ. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo—híkì!—rán an."

"Ṣé ẹni tó gbin àgbàdo kì í jẹ níbẹ̀ ni?"

Mo wọlé. Ojú ìránṣọ mi ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo rí ibi tó wọ́, inú bí mi. Mo jókòó. Dígí kan yí síwájú mi, ẹnu mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó pa dé pinpin bí ẹnu àpò tí wọ́n fi okùn di. Ṣé báyìí ni mo ti ń rí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí? Ẹ̀rín pa mí, ẹnu inú dígí náà rẹ́rìn-ín. Mo fa okùn, ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri.

Ìyá ké láti ìta: "Ìyàwó! Ṣé o ti sùn ni?"

"Rárá o, Ìyá, mo wà níbí."

Ọ̀rọ̀ náà jáde odidi. Mo dákẹ́ kí n lè gbọ́ òsúkè tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò wá. Níta, Ìyá tún ké, kó lè dá a lójú: "Ìyàwó!"

"Ìyá!"

"Ìyàwó!"

"Ìyá!"

Àwọn tó wà lórí ìlà rò pé orin ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é.

Bí a ti ń lọ sílé, mo bi Ìyá ní ohun tó rí níbẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún. "Mo jókòó, kò sí ẹni tó pè mí," ló ní. "Láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ jókòó tí ẹnikẹ́ni ò pè mí." Mi ò ní parọ́: òsúkè ṣì máa ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, orúnkún rẹ̀ náà sì máa ń ro ó bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti "híkì," àwa méjèèjì la jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó fòpin sí ilé aṣọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Wọ́n gbé adẹ́mu kan wá láti Massè. Ó ti já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kẹ̀, ó wú bọ̀ǹbọ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ọkọ òun fa okùn náà. Ọkọ-mi-kékeré na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí: "Ẹ má gbé e wọlé! Ẹ gbé e lọ sí Pobè!" Dókítà dé, ó bu omi sí ọgbẹ́ náà, ó wá ọkọ̀ tó ń kó epo lọ, wọ́n sì jọ lọ.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Ọkọ-mi-kékeré gé òwú dígí. Mo bá a tú aṣọ. Àwọn kan bú wa; àwọn mìíràn kó ìdérí agolo lọ sílé. Ó ń ká aṣọ títí a fi ṣe tán. Ó wá ní, "Bí ọkùnrin yẹn bá ti wọlé, ó lè rẹ́rìn-ín, kó sì kú."

Adẹ́mu náà kò kú. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní Pobè títí ó fi lè fẹsẹ̀ rìn. Ó gbé agbè ẹmu wá láti wá dúpẹ́ kí Ọkọ-mi-kékeré tó padà sí Kútọnu. Dókítà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì wá.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ọkọ-mi-kékeré. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí mo ti rí ilé yẹn lókèèrè báyìí, tí mi ò tiẹ̀ tíì débẹ̀, ni ìrora náà ti dín kù. Ká ní mo wọ inú rẹ̀ ni, ara mi ì bá ti yá níbẹ̀, n kì bá tí dé Pobè rárá."

Ọkọ-mi-kékeré fi ọwọ́ bo ojú. Dókítà na ife rẹ̀ jáde. "Ẹ bu ẹmu yẹn fún mi," ló ní. "Kó kún."